Kóòṣì Orí Bẹ́ǹṣì

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lálẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ sanwó ìwọlé síbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń gba bẹ́ǹṣì iwájú, ẹ̀pà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ nínà. Kóòṣì là ń pè é. Kò kọ́ ẹgbẹ́ kankan rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ tí kò mọ àṣìṣe rẹ̀.

Kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbábọ́ọ̀lù ta bọ́ọ̀lù sókè: "Ìyá ẹ!" Aṣọ́lé jẹ́ kó wọlé: "Orí ìyá ẹ dàrú!" Rẹfirí fọn fèrè: "Ọmọ àlè!" Ẹ jọ̀ọ́, ta ni èébú ìkẹyìn yìí bà? Rẹfirí kọ́ ló bí ara rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Mushin, ni Kóòṣì fẹ̀sùn àgbèrè kàn láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí pẹ̀nárítì.

Bí ọ̀rọ̀ ìyá bá sì sú u, á ní, "Ẹ wò ó, ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí obìnrin!" Oríkì ló sì yẹ kí ìyẹn jẹ́. Super Falcons, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, ti gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, Super Eagles tọkùnrin gba tiwọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Ní Rabat, lóṣù Keje 2025, Morocco ti fi góòlù 2 ṣíwájú kí àwọn ọmọbìnrin wa tó yí i padà sí 3-2. Kóòṣì kò wò ó. Ó ní bọ́ọ̀lù obìnrin ò lágbára.

Lójijì, fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ tó yọ lójú rẹ̀ ni "Òrìṣà Mi". Kóòṣì sáré jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. "Ẹ kú alẹ́, mà. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Ohùn ti rọ̀ bí òrí. Màmá ń wúre, ọmọ ń ṣe àmín lọ́tùn-ún lósì. Ó wọlé padà, bọ́ọ̀lù gba òpó. "Ìyá ẹ!"

Ẹni tó bá ní Kóòṣì kò mọ iyì ìyá parọ́ mọ́ ọn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń sọ òkò sí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá tó wà láyé ju ẹyọ kan lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá a lóhùn: "Ìyá tìẹ náà ńkọ́?" Kóòṣì bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Bú mi, má bú ìyá mi!" Ó forí gbá a láyà, bí Zidane ṣe gbá Materazzi ní Berlin lọ́dún 2006, nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin ilé rẹ̀ délẹ̀. Zidane gba káàdì pupa, Ítálì gbé Ife Àgbáyé lọ. Kóòṣì kò gba nǹkan kan. Ńṣe là ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀ ẹ́.

Bọ́ọ̀lù parí. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́pà tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ó di ọ̀la kí n tó sanwó ẹ̀pà."

"Kò burú, ọmọ mi. Ìyá mẹ́rìnlá lo bú lálẹ́ òní, mò ń kà á." Ó di igbá rẹ̀, ó gbé e rù. "Ọmọ tèmi náà ń kọ́ṣẹ́ rẹfirí o."