Bí Mo Ṣe Ṣúnwó Ná Títí Gbèsè Fi Lé Sí I

Gbèsè àkọ́kọ́ tí mo jẹ, kò sí ọmọ Yorùbá tó máa dá mi lẹ́bi lórí rẹ̀. Ìsìnkú bàbá mi ni. Àwọn tó gorí rẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo ní ẹjọ́ láti rò lé lórí, torí pé ibi tí mo ti ń ṣúnwó ná kí n lè san ti àkọ́kọ́ ni mo ti jẹ wọ́n.

Bàbá wa dàgbà kó tó kú, àwọn ẹbí sì ní òkú àgbà ni, ijó la ó fi sin ín. Èmi ni dáódù. Dáódù kò lè dìde láàrin àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ kó ní òun ò lówó lọ́wọ́. Mo gba màálù láwìn lọ́wọ́ Alhaji kan ní Akínyẹlé, mo gba aṣọ ẹbí láwìn lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan ní Gbági, mo sì yá owó kánópì àti àga lọ́wọ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ohun tí mo gbójú lé ni owó tí àwọn èèyàn máa ná wa lójú agbo. Wọ́n ná wa lóòótọ́. Àwọn onílù ló kó o lọ.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mú àbá wá. Ó ní, “Baba Ìbejì, ẹ jẹ́ ká jókòó, ká kọ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde sílẹ̀.” Mo ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ kó fi í sílẹ̀ fún èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣúná. (Ẹni tó bá mọ ìṣúná ìjọba wa, kó jọ̀ọ́ má tíì rẹ́rìn-ín.) Mo lọ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, bírò dúdú, bírò pupa, rúlà àti ẹ̀rọ ìṣirò. Ohun tó kọ́kọ́ wọ ojú ewé ìnáwó ni owó tí mo fi rà wọ́n.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n orí mi ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ àjọ. Ìyá Ìbejì ń dájọ lọ́dọ̀ bàbá alájọ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò. Ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń wá gba owó, tí yóò sì fàmì sórí káàdì. Bí oṣù bá parí, á kó gbogbo rẹ̀ fún un, á wá yọ ti ọjọ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ tirẹ̀. Mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n! Mo ní olè ni bàbá yẹn. Báwo lèèyàn ṣe máa sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀? Mo ní kí káfíńtà kan kan kóló ńlá kan fún mi, kó kàn án pa, kó má fi ilẹ̀kùn sí i. Ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ ni mo ń jù ú sí.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2023 ni owó àtijọ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Mo ní ẹni tó bá sún un lẹ́ẹ̀kan, á tún sún un. Gbogbo ayé ń sáré ná owó àtijọ́ kúrò lọ́wọ́, èmi ń sáré jù ú sínú kóló. Nígbà tí mo fi máa gbé àáké ti kóló náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ fojú kan owó yẹn mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí onímọ́tò títí dé orí ẹlẹ́kọ. Èrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, àwọn mìíràn ti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọmọkùnrin oní-POS kan ládùúgbò wa ló ṣàánú mi. Ó ní bí mo bá kó ₦1,000 àtijọ́ kan fún òun, òun á fi ₦700 ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi. Mo tà á fún un. Mo tún gbàdúrà fún un.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n ní kí a máa ná an lọ bẹ́ẹ̀ láìní gbèdéke. Ọmọkùnrin oní-POS ti ra ọ̀kadà nígbà yẹn. Bàbá alájọ tí mo pè lólè ń gba ọjọ́ kan nínú ọgbọ̀n. Èmi gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ara mi. Bàbá náà ṣì ń kí mi tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó dà bíi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó ₦200 ti di ₦500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ọkọ̀ sì gbéra. Mo ní kí n máa fẹsẹ̀ rin láti Mọ́kọ́lá lọ sí Sẹkitéríàtì. Owó tí ẹni tó ń tún bàtà ṣe gbà lọ́wọ́ mi lóṣù yẹn, ó máa gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bọ̀. Mo tún ra ẹ̀rọ ìgẹrun kí n lè máa gẹ irun àwọn ìbejì fúnra mi. Táyé ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kẹ́hìndé wo orí ìkejì rẹ̀, ó sá lọ sílé ìyá àgbà. Onígbàjámọ̀ tí mo gbé Táyé lọ bá gba owó gígẹ̀, ó sì gba owó àtúnṣe lé e.

Ti ẹja ni mo fẹ́ sọ dáadáa, torí kò tíì tán lára mi. Ìyàwó mi ń ta ẹja tútù àti omi yìnyín níwájú ilé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, kéde pé àwọn tó wà ní Band A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, yóò máa san ₦225 lórí yúníìtì kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦68 tẹ́lẹ̀. Band A ni àdúgbò wa. Láti ọjọ́ náà, iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára mítà, lára mi gan-an ló ti ń ṣẹ́jú. Mo pa gílóòbù ẹ̀yìnkùlé, mo pa fáànù lórí àwọn ọmọ tó ń sùn, mo gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ku fíríísà, tó ń kùn tọ̀sán-tòru bí ẹni tí a jẹ lówó.

Ìyá Ìbejì lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bó ṣe ń lọ, ó ní, “Ẹ bá mi wo fíríísà o.” Mo wò ó. Mo wò ó títí mo fi rí i pé òun ló ń jẹ iná jù nínú ilé, mo sì pa á. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mi sọ fún mi pé ohun tó bá ti dì, á dì síbẹ̀, bí wọn kò bá ti ṣí ìdérí rẹ̀. Mo tiẹ̀ fi aṣọ òtútù bò ó. Mo fi bírò dúdú kọ ọ́ sínú ìwé: “Èrè: iná.”

Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ gbóòórùn. Ó ní bóyá eku ló kú. A gbé àga, a gbé àpótí, a ò rí eku, mo tún lọ fowó ra oògùn eku. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa tún mọ́, àwọn ológbò àdúgbò ti ń ṣèpàdé lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyàwó mi dé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi gba ọ̀dọ̀ fíríísà lọ. Ó ṣí i, ó pa á dé. Kò pariwo, ìbá sì dùn mọ́ mi ká ní ó pariwo. Ó ní, “Ẹ gbé ìwé yín wá.” Ó kà á títí ó fi dé ibi tí mo kọ èrè sí. Ó ní, “Ẹ kọ páálí ẹja méjì sábẹ́ ẹ̀. Àwìn ni mo gbà á.”

Nínú gbogbo òkú tó wà nínú ọ̀rọ̀ gbèsè yìí, ẹja yẹn nìkan ló ń mówó wọlé.

Kò bá mi jà, ó kàn dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ni n kò lè fara dà tí mo fi lọ yá ₦50,000 lórí áàpù kan nínú fóònù mi, kí n lè san owó ẹja, mo sì parọ́ pé níbi iṣẹ́ ni mo ti rí i. Wọ́n yọ èlé wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́: ₦41,000 ló wọlé, ₦50,000 ni wọ́n ní kí n dá padà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Mo tẹ “Mo gbà” sí gbogbo ohun tí wọ́n bi mí, n kò kà á. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo yá ti áàpù mìíràn láti fi san án. N kò kọ ọ̀kankan sínú ìwé, nítorí pé ìyàwó mi ti ń ka ìwé.

Lára ohun tí mo gbà fún wọn ni pé kí wọ́n wo orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù ti ń dún káàkiri. Wọ́n ti fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pé oníjìbìtì ni mí, kí ẹni tó bá rí mi mú mi. Akápò ìjọ rí i gbà. Ọ̀gá mi rí i gbà. Bàbá alájọ rí i gbà. Ìyá ìyàwó mi pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ní, “Baba Ìbejì, wọ́n ní ẹ ti sá lọ.” Mo ní, “Rárá, Mà, mo wà nílé.” Ó ní, “Ó dáa. Ẹ má sá o.” Ti Alhaji onímàálù ló burú jù. Inú ló bí i pé mo tún lọ jẹ ẹlòmíì lówó nígbà tí n kò tíì san tòun tán.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé láyé àtijọ́ olówó lè bẹ ológò kó lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé, kó máa yọ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi sanwó. Ológò ìgbà náà sàn. Ilé kan ṣoṣo ló ń jókòó sí. Ọmọ àbúrò mi kan tó jẹ́ lọ́yà ní kí n lọ fẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, torí pé láti 2022 ni wọ́n ti gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì yéé dójú ti èèyàn lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Mo lọ fẹjọ́ sùn lóòótọ́. Àmọ́ ta ló máa bá mi yọ fọ́tò náà kúrò nínú fóònù ìyá ìyàwó mi?

Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi tí fọ́tò náà jáde ni ìyàwó mi gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó pe àwọn ọmọ, ó ní kí gbogbo wa jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ rí nínú àkọsílẹ̀ mi, èmi tí mo kọ ọ́ kò rí i: ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń tì mí jù ni mo ti ń sanwó fún. Ọ̀gá mi, tí kò gba kọ́bọ̀ lé owó rẹ̀, òun ni mo ti ń gbé owó fún lóṣooṣù. Ìyá aláṣọ kò fi èlé sí i, Alhaji kò fi èlé sí i. Èyí tó wà nínú fóònù nìkan ló ń bímọ, òun nìkan ni n kò sì kọ sílẹ̀. Ó ní, “Èyí tó ń bímọ la ó kọ́kọ́ san.”

Ó bi mí pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi ńkọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó nínú owó oṣù mi síbẹ̀. Ẹni tó bá nílò owó lè yá ìlọ́po méjì ohun tó ti dá, bó bá ti ní onídùúró méjì, kó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù. Èlé wọn fún ọdún kan kò tó èyí tí fóònù gbà lọ́wọ́ mi láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò jẹ́ kí n lọ ni pé akọ̀wé ẹgbẹ́ náà kéré sí mi lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo jẹ gbèsè. Ìyàwó mi ní, “Fọ́tò yín wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, Baba Ìbejì.” Mo lọ. Akọ̀wé náà dìde kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù.

Àwọn ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Táyé ní dátà tí mo ń rà ní ₦200, ₦200 lójoojúmọ́ ju ti olóṣù kan lọ dáadáa. Kẹ́hìndé ní agbádá aṣọ ẹbí tó wà nínú wọ́dúróòbù mi, òun ò rí iye wọn nínú ìwé níbì kankan. Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìnáwó, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìyàwó mi kó wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dárúkọ òde tí a lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ iye owó wọn, kò wo ìwé kankan. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pè wá sí òde, a ó lọ, aṣọ tó wà nílẹ̀ la ó wọ̀. Àbúrò bàbá mi kan kò tíì dárí jì mí.

Lórí ẹ̀wà, a rí ìtura díẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ olórí ìṣúná, mo ra odindi àpò kan ní Bódìjà torí pé ó dín owó, kòkòrò sì bá wa jẹ ìdajì rẹ̀. Ìyàwó mi náà ń ra àpò kan, àmọ́ òun àtàwọn aládùúgbò mẹ́ta ló ń pín in ní kóńgò-kóńgò lọ́jọ́ tó bá délé. Fíríísà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó mi lẹ bébà kan mọ́ ọn lára, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, gbogbo ilé sì mọ ẹni tó ń bá wí. Owó fóònù ti tán, ti ẹja ti tán, ìyá aláṣọ ti gba tirẹ̀ tán, ti Alhaji ò kù púpọ̀ mọ́. Ọ̀gá mi ṣì ń wò mí.

Wọ́n dá ìwé padà fún mi lóṣù tó kọjá, pé kí n máa kọ ọ́, kí àwọn ọmọ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Táyé dé ibi tí mo kọ “Oríṣìíríṣìí: ₦1,500” sí, ó ní kí ni ìtumọ̀ oríṣìíríṣìí. Mo ní nǹkan pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni. Kẹ́hìndé ní irú nǹkan wo. Mo wo ìyá wọn, kò gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní súyà ni. Táyé gba bírò pupa lọ́wọ́ mi, ó fa igi lé oríṣìíríṣìí lórí, ó kọ “súyà” síbẹ̀, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo ni mo jẹ ẹ́, àti pé tiwọn dà.