Ta Ló Ni Ihò Náà?

Ẹ wo àgbà oníṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn fún ìdajì àdúgbò, tó jókòó lóru tó to bíìtì dírìlì síwájú bí ìgbà tí babaláwo bá to ikin. Ó ń wọn ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ki èyí bọ ẹnu dírìlì, ó wọlé, kò dúró. Ìkejì dúró, ṣùgbọ́n ó ń mì. Ìkẹta kò tilẹ̀ wọlé. Ó wá gbé fáìlì, ó fẹ́ fá irin tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ní ìdí. Kí ló ń wá? Bíìtì ilé iṣẹ́ mìíràn tí yóò wọ ẹnu dírìlì tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Dírìlì náà, Festool ni, iṣẹ́ àwọn ará Jámánì tó ti wà láti 1925. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Centrotec. Ká má purọ́, ẹnu náà dára: kò gùn, kò wúwo, ó ń wọ kọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn kò lè dé. O fa òrùka rẹ̀ sẹ́yìn, o ki bíìtì bọ̀ ọ́, o jù ú sílẹ̀, ó parí. Àfi pé ìdí bíìtì tó bá a mu gan-an, wọ́n gé e lọ́tọ̀, owó rẹ̀ náà sì lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdí onígun mẹ́fà tí gbogbo ayé mọ̀, oní-mílímítà 6.35, àwọn ará Jámánì kan náà ló kọ ọ́ sínú ìwé ìdíwọ̀n wọn, DIN 3126, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá rọ ọ́ rọ ọ́ bákan náà. Wọ́n kọ òfin ìṣọ̀kan tán, wọ́n wá mọ odi yí ọjà tiwọn ká. Bíìtì síkúrù lásán ń rí ọ̀nà wọlé, bí o bá kọ́kọ́ ra ìdí kan lọ́wọ́ wọn tí o máa há a sí. Owó ibodè nìyẹn.

Yorùbá ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ohun tó wà lórí ẹrú ẹni, tẹni ni. Lójú ọ̀gá wa, òun ni olówó, dírìlì ni ẹrú, ihò sì ni ẹrù. Ìṣirò rẹ̀ pé, ibi tó fi ara rẹ̀ sí nìkan ni kò pé. Ta ló ń jí lọ síbi iṣẹ́? Ta ló ń ru owó lọ fún ta nígbàkígbà tí bíìtì bá kú? Ẹni tí kò lè lu ihò sára pákó ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ará Jámánì fọwọ́ sí i, kí là ń pè é? Ìwọ̀fà sàn jù ú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè tán ni ìwọ̀fà ń lọ sílé. Ọjọ́ tí ọ̀gá wa san owó tán ni iṣẹ́ ìwọ̀fà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kò sì di dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 1902 ni Arthur Irving Jacobs gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹnu dírìlì eléyín mẹ́ta tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ fún. Kì í bi bíìtì pé ọmọ ta ni; bí ìdí rẹ̀ kò bá ti tóbi jù, ó ti gbà á. Bosch gbé ìdí SDS jáde fún àwọn tó ń lu kọnkéré. Lónìí, ilé iṣẹ́ lónírúurú ló ń rọ bíìtì rẹ̀, ebi kò sì pa Bosch. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàápàá ti pàṣẹ pé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹnu ṣájà kan náà, USB-C, ni fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní. Wọ́n ti dá ẹrú fóònù sílẹ̀. Ẹrú dírìlì ṣì wà lóko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí tí wọ́n fi ń ta dírìlì yìí, ṣọ́ọ̀kì eléyín mẹ́ta wà níbẹ̀, tó ń gba ìdí tó nípọn tó mílímítà 13, róbótó tàbí onígun mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ tí à ń bú ló fi síbẹ̀ fún un. Ká yọ ti tẹ́lẹ̀, ká fi èyí rọ́pò, kò gba àsìkò. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kò ní fi ẹnu mẹ̀kúnnù sórí dírìlì ọlọ́lá. Ojú ń tì í lójú àwọn ọmọṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, nítorí ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í ké. Àmọ́ ẹrú tí olówó rẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, tó wá dúró lọ́jà, tó ń ná ẹ̀wọ̀n mìíràn tí owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, àánú wo la fẹ́ ṣe é?