Eruku Ẹnu Oníwèé Ìròyìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé gbọ́. Ìlú kan wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, Dalhart lorúkọ rẹ̀. Nítorí owó àlìkámà, wọ́n ti fi tarakítọ̀ tú gbogbo koríko agbègbè náà. Nígbà tí ọ̀dá sì dá, kò sí gbòǹgbò tí yóò di ilẹ̀ mú mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, ọdún 1935, eruku dúdú ṣú bo ojú ọ̀run lọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni ò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Eruku ń wọ àyà ọmọdé, ó ń pa wọ́n.

Kí wá ni John McCarty, olóòtú ìwé ìròyìn Dalhart Texan, ń ṣe ní gbogbo àsìkò yìí? Ó ń yin eruku ni! Àní ó ń yìn ín! Ó ní ìjì náà lẹ́wà, ó ní ẹni tó bá lójú yóò rí ọlá ńlá nínú rẹ̀, ó sì ń kanra mọ́ àwọn oníròyìn ìta tí wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ náà ti bàjẹ́. Kò tán síbẹ̀ o. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ó pè é ní Ẹgbẹ́ Ẹni Ìkẹyìn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò fọwọ́ síwèé, yóò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun lòun yóò kúrò nílùú gbẹ̀yìn, àfi tí àmúwá Ọlọ́run tàbí àìsàn ilé bá lé òun. Àwọn ará ìlú gbà á gbọ́, wọ́n fọwọ́ sí i.

Nígbà tó di ọdún 1936, ta ló di ẹrù? Baba ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀! Iṣẹ́ ìwé ìròyìn yọjú ní ìlú Amarillo, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Àmúwá Ọlọ́run kọ́, àìsàn kọ́. Ojú ò tiẹ̀ tì í. Àwọn tó kó sínú ẹ̀jẹ́ ṣì ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà wọn.

Mi ò bá gbogbo oníròyìn wí. Robert Geiger ti ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press, ìjì ká a mọ́ ojú ọ̀nà ní Oklahoma lọ́jọ́ Àìkú eruku dúdú yẹn, ó sì kọ ìròyìn rẹ̀ pé ibẹ̀ ti di abọ́ eruku. Ohun tó rí ló kọ, orúkọ náà sì mọ́ ilẹ̀ náà lára títí dòní.

Ti Arthur Rothstein ló ká mi lára. Ọmọ ogún ọdún, ìjọba Ààrẹ Roosevelt rán an kó lọ ya fọ́tò ọ̀dá. Ní South Dakota, ó rí agbárí màlúù lórí ilẹ̀ tó sán, ó yà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o, ó tún gbé agbárí náà, ó gbé e síwájú bí ẹsẹ̀ bàtà 10, ó tún un yà! Kí ló ń wá lọ́wọ́ agbárí? Ṣé ìyà tó wà nílẹ̀ kò tó o ni?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1936, bí Roosevelt ti ń fi rélùwéè bẹ ilẹ̀ ọ̀dá wò, tí ìbò ti dé tán, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Fargo gbé e jáde pé irọ́ ni fọ́tò náà. Àwọn ìwé ìròyìn alátakò gbà á lẹ́nu rẹ̀, eruku sọ lálá. Wọ́n ní ńṣe lọmọ náà ń gbé agbárí kiri bí ẹni gbé igbá ọjà. Mi ò gbè sẹ́yìn wọn o, ìbò ló ń yún wọn. Àgbẹ̀ ń sá kúrò lóko, màlúù ń kú, agbárí kan ṣoṣo ni àwọn olóòtú ń jà lé lórí! Roosevelt kúkú wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló mú.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀ṣẹ̀ McCarty ló burú jù. Agbárí òkú màlúù ni Rothstein gbé kúrò ní ààyè rẹ̀. Alààyè ni McCarty fi ẹ̀jẹ́ so mọ́lẹ̀, tó sì fi sílẹ̀ lọ.