Mọ́tò Tó Pé Ogójì Ọdún Kì Í Ṣe Ìdánwò Mọ́

Ní Íńgílándì, Wales àti Scotland, bí mọ́tò bá ti pé ọmọ ọdún 3, ìdánwò dé bá a nìyẹn. Lọ́dọọdún ni ẹni tó ni ín yóò máa wà á lọ sí gáréèjì tí ìjọba fọwọ́ sí. Wọn yóò gbé e sókè, wọn yóò fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, wọn yóò fọn fèrè rẹ̀, wọn yóò wọn ojú táyà rẹ̀ wò bóyá ó ṣì jìn tó mìlímítà 1.6. MOT ni wọ́n ń pe ìdánwò náà, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 54.85 lọ. Àmọ́ bí mọ́tò yìí bá lè fara dà á títí ó fi pé ọmọ 40 ọdún, ìjọba á ní, “Bàbá, ẹ máa sinmi.” Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, arúgbó mọ́tò tí wọn kò bá ti tún tò di nǹkan mìíràn láàárín 30 ọdún sẹ́yìn ti bọ́ lọ́wọ́ MOT. Ọmọ ọdún 3 tí bíréèkì rẹ̀ ṣì gbọ́ràn, kó wá jẹ́jọ́. Arúgbó tí òjò ti ń pa láti ayé Margaret Thatcher, ká kí i kú àgbà.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé torí àwọn arúgbó gan-an ni wọ́n ṣe dá MOT sílẹ̀. Lọ́dún 1960, nígbà tí Ernest Marples jẹ́ mínísítà ìrìnnà, mọ́tò tó ti lo ọdún 10 nìkan ló kàn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fà á wálẹ̀ sí ọdún 7. Nígbà tó di 1967, wọ́n sọ ọ́ di 3. Bí òfin tí wọ́n ṣe fún àgbà ṣe di ẹrù ọmọdé nìyẹn, tí àgbà sì yọ ọrùn ara rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àwíjàre ìjọba ni pé àwọn tó ní mọ́tò àtijọ́ máa ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, wọn kì í sì í wà á lọ síbi tó jìnnà. Irọ́ kọ́. Mọ́tò tó ń fi oṣù mẹ́jọ sùn lábẹ́ aṣọ, tí wọ́n ń fi aṣọ rírọ̀ nù ju bí wọ́n ṣe ń wà á lọ, tí kì í jáde àfi lọ́jọ́ Sunday tí oòrùn bá yọ, kí ni yóò bà á jẹ́? Ẹ bi mí bóyá irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń yege MOT. Ó ń yege kẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá tó ni ín ló ṣe ìdánwò náà fún un.

Ẹni tí mo ń káàánú ni mọ́tò tó fojú jọ àgbà tí kì í ṣe àgbà. Ẹ lọ wo mọ́tò Morgan tí wọ́n ń ṣe ní Malvern Link ní Íńgílándì. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé èyí tó ń jẹ́ 4/4 jáde lọ́dún 1936 ni ojú yẹn ò ti fi bẹ́ẹ̀ yí padà, igi ni wọ́n sì ṣì fi ń ṣe egungun ara rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá rí i á fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì BMW ló wà nínú Plus Four tuntun, ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò sì tíì gbó. Ọdún 3 péré, “bàbá” ti tò sórí ìlà lẹ́yìn takisí, ó ń dúró de kí wọ́n wo ìdí òun.

Ti Mazda MX-5 tún wá lé kenkà. Hiroshima ni wọ́n ti ń ṣe é, Chicago ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han ayé lọ́dún 1989, ó sì mú ìmúra Lotus Elan ti Íńgílándì wọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọn ò mọ MX-5 ni. Ní kékeré tó wà yẹn, ó ti ní àkísà tiẹ̀. Òjò á rọ̀ sórí kánfáàsì òrùlé rẹ̀, omi á ṣàn wọ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá ti dí ihò yẹn, inú irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ni omi ń forí lé. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí, tí ìpáàrà yóò máa jẹ irin láti inú bọ̀ síta. Òde ń dán, inú ti dìdàkudà.

Aṣàyẹ̀wò kò sì wo ti òde. Irin kékeré kan ló mú lọ́wọ́, tó fi ń kan abẹ́ mọ́tò: kó, kó, kó, pọ̀fọ̀! Bí “pọ̀fọ̀” yẹn bá fi lè wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí ibi tí wọ́n so bẹ́líìtì ìjókòó mọ́, mọ́tò ti fìdí rẹmi. Ẹni tó bá rò pé òun lè rẹ́ nǹkan dí ihò náà, kí òun kùn ún lọ́dà, ń tan ara rẹ̀ ni. Wẹ́dà ni kó lọ bá.

Èyí tó wá dójú ti àwọn ọ̀gá ọlọ́kọ̀ jù ni pé àṣírí kò bò. Láyé àtijọ́, alárinà ló máa ń wádìí bóyá àrùn kan wà nílé àfẹ́sọ́nà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ alárinà: tẹ nọ́ńbà mọ́tò sórí ìkànnì ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, gbogbo MOT tó ti ṣe láti 2005 á sì tò sílẹ̀ níwájú rẹ. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síta pé, “ìyàwó mi kejì ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú.” Ìwé MOT ní: ọdún kan, ìpáàrà díẹ̀ wà lábẹ́, ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpáàrà ti pọ̀, ọdún kẹta, ó léwu, ẹ má wà á. Ọmọ Yorùbá tó bá rà á ní Peckham ní London kò lè sọ pé ayé ló ṣe òun.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé àyege rẹ́ yín jẹ. MOT kì í wo ìlera ẹ́ńjìnnì, kì í wo kílọ́ọ̀ṣì, kì í wo jíà. Mọ́tò lè yege láàárọ̀, kí wọ́n fi okùn fà á wálé nírọ̀lẹ́, kí ìwé rẹ̀ sì pé pérépéré. Òfin kò bèèrè bóyá ó lè lọ. Bóyá ó lè dúró ló ń bèèrè.

Àmọ́ ẹ máa ka ọjọ́. Àwọn MX-5 tó kọ́kọ́ wọ Britain lọ́dún 1990 yóò pé 40 lọ́dún 2030. Ìgbà tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn wọn bá kù bí abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n á wá joyè àgbà, tí aṣàyẹ̀wò kò ní lè pè wọ́n lẹ́jọ́ mọ́. Lóòótọ́, òfin ṣì ní kí arúgbó mọ́tò dára tó láti gun títì, ẹni tó bá sì wù ú lè fínnúfíndọ̀ mú tiẹ̀ lọ fún MOT. Ẹ ṣáà bá mi wá ẹni tí yóò sanwó ìdánwò tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún un. Bí gáréèjì kò bá dán bíréèkì bàbá wò mọ́, ẹni tó ń sọdá títì ni yóò bá wa dán an wò.