Olùsinmi Inú Oko Tíì

Lára àwọn ẹ̀dá tí ìrìn-àjò afẹ́ ti bí sáyé, ọ̀kan wà tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, ìyẹn olùsinmi inú oko tíì, ẹni tí ń sanwó ọkọ̀ òfuurufú lọ wo ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe làálàá, tí ó sì ń pe wíwò náà ní ìsinmi. Ìlú Nuwara Eliya ní Sri Lanka, tí ó ga tó 1,868 mítà sí ìpele òkun, bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára mu púpọ̀, nítorí pé òtútù ibẹ̀ ń jẹ́ kí ó rí súwẹ́tà wọ̀ nílẹ̀ olóoru. Ẹ̀dá yìí kò sì mọ ní àwọ̀ kan: ó lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, ó sì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá tó fi Lọ́ńdọ́nù ṣelé, tí baba rẹ̀ gbin kòkó títí dọjọ́ ikú, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ẹgba lé e dé ìdí kòkó náà.

Búńgálò ni ó máa ń dé sí, ilé tí àwọn òyìnbó alákòóso oko kọ́ fún ara wọn láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti sọ di hòtẹ́ẹ̀lì báyìí. Ìránṣẹ́ á gbé tíì wá bá a lórí ibùsùn láàárọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wọ bàtà òkè gígùn, tí yóò sì múra bí ẹni tó ń rogun, láti rin ìrìn tí àwọn ọmọléèwé àdúgbò ń fi sálúbàtà rìn lójoojúmọ́.

Nínú oko ni ìwà rẹ̀ ti hàn jù. Àwọn obìnrin tí ń já ewé níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Tamil, máa ń fi okùn gbé àpò kọ́ orí, wọ́n á sì já ewé méjì pẹ̀lú ọ̀mùnú kan láti ṣóńṣó ẹ̀ka, kíákíá débi pé ojú kì í lè bá ìka wọn. Olùsinmi á yá àpò, á já ewé gbígbó mọ́ igi rẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, á sì kéde pé iṣẹ́ náà ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Obìnrin tó ni àpò á rọra ṣa ewé gbígbó náà dànù, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a wọ̀n ọ́n. Lọ́dún 2021, ìjọba fi 1,000 rupee ṣe owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn, owó tó lè má ra tíì àti kéèkì ìrọ̀lẹ́ tí olùsinmi ń jẹ ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí afinimọ̀nà bá sọ pé James Taylor, ọmọ Scotland, ló gbin oko tíì sí Loolecondera lọ́dún 1867, olùsinmi á mi orí. Kì í béèrè bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe kó àwọn baba ńlá obìnrin wọ̀nyí wá láti gúúsù Íńdíà, tàbí bí òfin ọdún 1948 ṣe sọ ọ̀pọ̀ wọn di ẹni tí kò ní orílẹ̀-èdè. Bí ilé wọn, ìyẹn iyàrá alásopọ̀ tí a tò gbọọrọ, bá yọ nínú fọ́tò, á yí kámẹ́rà sápá ọ̀tún díẹ̀ kí páànù rẹ̀ má bàa ba òkè jẹ́.

Ilé iṣẹ́ tíì ló ti ń di ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á fi hàn án bí fáànù ṣe ń fẹ́ ewé tútù títí yóò fi rọ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń yí i pọ̀, bí atẹ́gùn ṣe ń pọ́n ọn lára kí iná tó gbẹ ẹ, àti bí asẹ́ ṣe ń pín in sí ìsọ̀rí. Nídìí tábìlì ìtọ́wò, á fa tíì náà sẹ́nu pẹ̀lú ariwo tí ìyá rẹ̀ ìbá torí rẹ̀ gbá a lẹ́nu nílé, á ní òun gbọ́ òórùn òdòdó nínú rẹ̀. Agolo tó wọ́n jù ni yóò rà. Yóò kọ lẹ́búlẹ́bú tó jábọ́ lábẹ́ asẹ́, ó ní ti àwọn tí kò mọ tíì nìyẹn, láìmọ̀ pé irú rẹ̀ gan-an ni ó ń mu nílé láràárọ̀, nínú àpò bébà kékeré tí a ń fi okùn sọ̀ sínú ife.