Alámọ̀tán Ìdí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, oríṣi ọkùnrin kan wà tí a kì í wá tì níbi ìkómọjáde, ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ní páàkì ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ tí ó sì bá a mu jù lọ ni Alámọ̀tán. Ọjọ́ orí rẹ̀ a máa lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ti wa takisí rí, ó sì ti ra ọkọ̀ àlòkù ránṣẹ́ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní tòkunbọ̀, nǹkan méjèèjì yìí ni ó sì fi dá a lójú pé kò sí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí a fi bo ẹ́ńjìnnì, kí ó ṣe àjèjì sí òun. Lásìkò ooru, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó máa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, tí híítà, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀, bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ tí kò gbóná tí kò sì tutù, ọjà rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tà.

Híítà ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí gan-an sì ni ohun tí Alámọ̀tán kò tíì gbọ́. Ooru tí ẹ́ńjìnnì ń mú jáde nígbà tí ó ń sun epo ni híítà ń yá lò: kúláǹtì, tí í ṣe àdàlù omi àti èròjà tí kì í jẹ́ kí omi dì, ni ó ń gbé ooru náà yí ká inú ẹ́ńjìnnì, apá kan nínú rẹ̀ a sì gba inú họ́ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, wọ inú rédíétọ̀ kékeré kan tí ó fara sin sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí fáànù yóò ti fẹ́ ooru náà sí àwọn tí ó jókòó lára. Ohun tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà omi yìí ni tàmósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré kan tí ó gba àtẹ́lẹwọ́, tí ó máa ń wà ní títì títí kúláǹtì yóò fi gbóná dé nǹkan bíi dígírì Celsius 90, kí ó tó ṣí sílẹ̀ fún un láti lọ tutù nínú rédíétọ̀ ńlá iwájú ọkọ̀. Bí ìlẹ̀kùn náà bá há sí ṣíṣí, kúláǹtì a máa lọ tutù kí ó tó gbóná, afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́ ni híítà yóò sì máa fẹ́. Ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni Chicago. Níbẹ̀ ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Margaret Wilcox ti gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba ní 1893 lórí ẹ̀rọ tí yóò máa mú kí inú ọkọ̀ gbóná, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 2019, nígbà tí òtútù já wálẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 30 sí ìsàlẹ̀ òdo, mọ̀ pé obìnrin náà kò ṣe é fún fàájì.

Ọ̀nà tí Alámọ̀tán ń gbà ṣe àyẹ̀wò yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń wọ ìbọ̀wọ́ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀ yóò sún mọ́ ọn lẹ́yìn ìsìn, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun sà, híítà ọkọ̀ mi kàn ń fẹ́ lọ́wọ́ọ́rọ́ ni." Ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí ni ìbéèrè bóyá ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ó ń tutù, tàbí ìgbà tí ó bá ń sáré lórí títì márosẹ̀. Híítà tí ń gbóná nígbà tí a bá tẹ ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń tutù bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, a máa tọ́ka sí kúláǹtì tí ó ti fà tàbí sí wọ́tà pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tí ń ti omi kiri, tí agbára rẹ̀ ti dín kù. Èyí tí ó sì ń tutù sí i bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, tí ọwọ́ gééjì ooru kò sì gòkè dé ibi tí ó máa ń dé tẹ́lẹ̀, a máa tọ́ka sí tàmósítáàtì. Alámọ̀tán kì í bèèrè èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Ọdún wo ni mọ́tò yìí?" ni tirẹ̀, kò sì ní dúró gbọ́ èsì. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, yóò gbé e sí imú, yóò mi orí, yóò sì fi hańkáṣíìfù nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì kò mọ híítà rí. Lẹ́yìn ètò yìí ni yóò kéde pé, "Gáàsì híítà yìí ló ti tán, àbúrò." Gáàsì a máa wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ lóòótọ́, àwọn tí ń rọ ọ́ fún ènìyàn lẹ́bàá títì ní Èkó kò sì lóǹkà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń rọ gáàsì sínú híítà irú èyí kò tíì dáyé.

Bí ọ̀dọ́kùnrin náà bá fi ìtìjú sọ pé àwọn tí ń ta sípíà ní àwọn kò gbọ́ nǹkan tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, Alámọ̀tán kò ní gbà pé òun ṣì í, yóò kàn bọ́ sí orí oògùn kejì, èyí tí ó gbé wá láti ilé: "Yọ tàmósítáàtì yẹn dànù!" Ìmọ̀ràn yìí ní orírun. Ní Èkó, níbi tí ojú ọjọ́ kì í sábà já sí ìsàlẹ̀ dígírì 20, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì ń se ẹ́ńjìnnì láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti sọ ọ́ di àṣà láti yọ tàmósítáàtì ọkọ̀ tí ó bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé ìlẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀ kò lè há. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò fara mọ́ ọn níbẹ̀ pàápàá, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ, a sì máa tètè jẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí òtútù yóò gan pa nítorí rẹ̀ láàrin Ọ̀jọ́ta sí Ìkẹjà. Ní Chicago, àìsàn gan-an ni Alámọ̀tán ń fún aláìsàn lò, nítorí pé ọkọ̀ tí tàmósítáàtì rẹ̀ há sí ṣíṣí àti ọkọ̀ tí a yọ tirẹ̀ dànù, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò sì ní ṣàì rí i: yóò tan iná ìkìlọ̀ sójú dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò sì kọ àmì P0128 sílẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kúláǹtì kò gbóná dé ibi tí ó yẹ. Ọkọ̀ tí iná yìí bá ń tàn lójú rẹ̀ kò lè yege ìdánwò èéfín tí ìjọba ìpínlẹ̀ Illinois ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ agbègbè Chicago. Alámọ̀tán ní ìdáhùn fún èyí náà: "Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wèrè. Fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Àwọn oògùn rẹ̀ yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Omi ẹ̀rọ lásán ni ó máa ń ní kí wọ́n fi kún rédíétọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé kúláǹtì tí a pò ní ìdajì sí ìdajì lè fara da òtútù tí ó tó dígírì 35 sí ìsàlẹ̀ òdo, tí omi lásán sì ń dì ní òdo, tí ó ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó sì lè fọ́ irin ẹ́ńjìnnì sí méjì. A tún máa júwe èròjà tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ láti dí ojú ibi tí ó ń jò, èyí tí kì í mọ̀yàtọ̀ láàrin ihò tí ó yẹ ní dídí àti àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀ kékeré tí híítà gbójú lé.

Ohun tí ó ń dunni jù nínú ọ̀ràn yìí ni pé ọwọ́ lásán tó láti mọ ibi tí ìṣòro wà. Ìyàwó ọ̀dọ́kùnrin náà, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó sì mọ̀ pé à ń fọwọ́ kan aláìsàn kí a tó dárúkọ àìsàn, lè tan ọkọ̀ sílẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, kí ó yí híítà dé òpin, kí ó sì rọra fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjì tí ó wọ ara ògiri irin tí ó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, láìṣí ìdérí rédíétọ̀, nítorí pé omi gbígbóná tí agbára wà lẹ́yìn rẹ̀ lè bó ènìyàn lójú. Bí méjèèjì bá gbóná janjan, omi kò jẹ̀bi. Pátákó kékeré tí ń po afẹ́fẹ́ gbígbóná mọ́ tútù sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni kò yí mọ́, a sì sábà máa ń gbọ́ ohùn mọ́tò kékeré tí ń yí i, ká-ká-ká, nígbà tí a bá tan ọkọ̀. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì sì lọ́wọ́ọ́rọ́, rédíétọ̀ kékeré ti dí. Bí méjèèjì bá lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ó wo bóyá kúláǹtì ti fà, kí ó sì fura sí tàmósítáàtì. Ó tún kù: bí kúláǹtì bá ń fà tí kò sì kán sílẹ̀, tí èéfín funfun olóòórùn dídùn sì ń jáde nídìí ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, awẹ́ tí ó di ojú ìpàdé irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ti jó, owó ńlá sì ni ìyẹn.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn kò fi Alámọ̀tán sílẹ̀? Owó jẹ́ ìdí kan. Ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ní Chicago a máa gba ohun tí ó lé ní $100 fún iṣẹ́ wákàtí kan, a sì máa gba owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni ti Alámọ̀tán, pẹ̀lú àdúrà lórí rẹ̀. Ọjọ́ orí ni ìdí kejì, òun ni ó sì wúwo jù, nítorí pé kò sí ọmọ tí a kọ́ nílé tí yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ ṣeun sà, ẹ ó pẹ́ fún wa," ni ọ̀dọ́kùnrin náà yóò wí, yóò sì wa ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí wọn yóò ti fi tàmósítáàtì tuntun sí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, Alámọ̀tán yóò ti ọwọ́ bọ ojú fèrèsé ọkọ̀ náà, yóò rí i pé híítà ń fẹ́ bí ẹnu ààrò, yóò sì yíjú sí àwọn tí ó dúró.

"N kò wí bẹ́ẹ̀? Ṣé tàmósítáàtì kọ́ ni mo dá lé?"

Ó dárúkọ rẹ̀ lóòótọ́, ẹlẹ́rìí sì wà. Ọ̀dọ́kùnrin náà yóò tẹrí ba, yóò ní, "Ẹ wí bẹ́ẹ̀, sà." Láti inú ọkọ̀ kejì, èyí tí wọ́n ti yọ tàmósítáàtì rẹ̀ dànù láti ọdún mẹ́ta, ni ìyàwó Alámọ̀tán yóò ti yọ orí láàrin bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì: "Bàbá Tóbi, ẹ jẹ́ á máa lọ sílé, ẹsẹ̀ mi ti kú."