Ilẹ̀ Gbígbẹ Táútáú

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, kó kọ́kọ́ gbọ́ èdè alágbàtà. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ náà ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí títì, wọn ò sọ ohun tí ẹ máa gùn débẹ̀. Bí wọ́n bá ní ibẹ̀ gbẹ táútáú, ẹ wo oṣù tí a wà. Bó bá jẹ́ January, òótọ́ ni. Ẹ padà lọ ní June, ẹ ó bá àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kó wọlé láìsanwó àgbàtà.

Ìwé sọ́fè ńkọ́? Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba Èkó ní Aláúsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bí alágbàtà tilẹ̀ ń bínú pé ẹ ò fọkàn tán òun.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ó jọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ọmọ onílẹ̀. Owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn, owó òrùlé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ní 2016, Èkó tún ṣòfin tó ka irú owó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní báyìí, wọ́n kàn ń wá kí yín kú oríire ni. Ìkíni náà ló lówó lórí.

Bí ẹ bá mọ fẹ́ǹsì tán, ẹ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe títà, kí ẹ fi nọ́ńbà yín sí i. Alágbàtà ni yóò kọ́kọ́ pè: ó ti bá yín rí oníbàárà.